A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

"Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta…"

Ìka mi ṣì wà lókè, mo ń nà án sí orí àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń gun bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lò ń kà yẹn?"

Mo yíjú padà. Màmá alákàrà ni, ìyá bàbá àwọn ọmọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ tán. Ṣíbí gbọọrọ tí wọ́n fi ń yí àkàrà wà lọ́wọ́ wọn, òróró ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, mo ní àwọn ọmọ ni mò ń kà mà, ká lè mọ iye tá a gbé.

"Ṣé iṣu ni wọ́n ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ṣíwọ́ kíkà, inú ni mo ti ń kà á, màmá sì mọ̀, torí ẹnu mi ni wọ́n ń wò.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nìyẹn, nílùú Òṣogbo, lọ́dún 2022. Mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n máa ń pín gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí ìjọ, kí kálukú lọ máa ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, kí pásítọ̀ ibẹ̀ sì máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ nípa bí onítọ̀hún ṣe ń ṣe sí. Kí n má purọ́, pẹpẹ ni mo fojú sí. Mo ti rán síkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù aláwọ̀ búlúù. Mo ti ní ìwàásù mẹ́rin nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kún fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì débi pé èmi gan-an kì í lè kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó já geere. Pásítọ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Ṣé o lè tètè jí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí mo ṣe di Àǹtí Bọ́ọ̀sì nìyẹn o.

Ní kíláàsì, wọ́n ti kọ́ wa nípa Robert Raikes, oníwèé ìròyìn ní ìlú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dá Sọ́ńdè Sùkúù sílẹ̀ ní 1780 fún àwọn ọmọ tálákà tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ tí wọn ò rójú kọ́ ìwé kíkà. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn ìjọ ní Amẹ́ríkà ló sọ bọ́ọ̀sì di irinṣẹ́ ìhìnrere, pé ìjọ Onítẹ̀bọmi kan wà ní Hammond, ní Indiana, tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀ wọ ìgboro Chicago lópin ọ̀sẹ̀ láti lọ kó ọmọ wá. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, mo sì gba máàkì tó dáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọmọ lè bì sí èèyàn lára ní Ọláìyá, pé kóòtù búlúù kì í sì í fi nǹkan pamọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, màá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, "ẹ kú ilé o, ẹ kú ìsinmi o," màá jókòó sórí àpótí tí wọ́n bá gbé fún mi, màá mu omi tí wọ́n bá bù fún mi. Ẹ má fojú kéré omi yẹn. Ilé tó o bá ti kọ omi wọn, wọn ò ní fún ẹ lọ́mọ. Tí o kò bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn ní Sátidé, kò sẹ́ni tó máa fọ aṣọ ọmọ sílẹ̀ dè ẹ́ ní Sọ́ńdè. Ọjọ́ kejì, aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jí. Tó bá di aago méje kù díẹ̀, bàbá dírẹ́bà á ti fọn fèrè ọkọ̀, méjì kúkurú, ọ̀kan gígùn. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ṣì máa wà tí ọṣẹ kò tíì kúrò létí rẹ̀, òmíràn á gbé bàtà lọ́wọ́, òmíràn á ní kí n bá òun ti bọ́tìnnì ẹ̀yìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń jáde. Ìrìn àkọ́kọ́ ń kó àwọn ti Òkè-Fìà àti Alékùwódò títí dé Ọláìyá. Ìrìn kejì ló ń lọ sí Ìgbọ̀nà àti Ọjà-Ọba, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ́nà igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Mo dárúkọ igbó náà torí ó kan iṣẹ́ wa. Tó bá di oṣù Kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, tí àlejò láti gbogbo ayé bá kún ìgboro, àwọn ọmọ wa lápá ibẹ̀ kì í ráyè wá. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń tà. Ọdún àkọ́kọ́, mo gbàdúrà gbígbóná nítorí ọ̀rọ̀ náà, mo rò pé ogun tẹ̀mí ni. Bàbá dírẹ́bà ló sọ fún mi pé owó ìwé ilé-ìwé ni wọ́n ń wá, kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n á padà dé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ bàbá dírẹ́bà. Wọ́n ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí, wọ́n ti gbé igi dé Kánò, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé fún wọn ní ìjọ, Hiace àtijọ́ ni. Ìjókòó méjìdínlógún ló ní, ohun tá a ń kó sínú rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn kéékèèké á jókòó lé àwọn àgbà lẹ́sẹ̀. Tí kò bá fẹ́ sítáàtì, bàbá á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á mú òkúta kan tó máa ń wà lábẹ́ ìjókòó wọn, wọ́n á fi gbá orí bátìrì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní "Ní orúkọ Jésù," ọkọ̀ á dáhùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kì í tì. Okùn la fi so ó mọ́ irin ìjókòó, èmi ni mo sì máa ń di ìdí okùn náà mú láti Ọjà-Ọba títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí àpá rẹ̀ á hàn ní àtẹ́lẹwọ́ mi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kà á á ti máa sọ pé ewu ni. Ewu ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi yọ wọ́n lẹ́nu ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, mi ò sì fi oṣù mẹ́ta yẹn yangàn.

Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì (C.A.C.), ìjọ Wòlíì Babalọlá, ni bàbá, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ fún mi, pàápàá tí wọ́n bá rí i pé mo fajúro pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wàásù níbi tí wọ́n pín wọn sí. Wọ́n á ní, "Àǹtí, kí ni Wòlíì Babalọlá ń ṣe nígbà tí Ọlọ́run pè wọ́n?" Mo ti mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: katakata ni wọ́n ń wà, wọ́n ń fi tẹ ọ̀nà fún ìjọba, ní 1928. "Ìgbà wo wá ni ìsọjí Òkè-Oòyè, ní Iléṣà?" 1930, sà. "Ibo ni wọ́n sùn sí?" Ẹdẹ ni, ní 1959. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹdẹ tí ò jìnnà síbí yìí. Ọlọ́run mọ àwa tá a ń wakọ̀." Wọ́n á wá fi gíà sí ọkọ̀, ọkọ̀ á ké bí ewúrẹ́, a ó máa lọ.

Ní ti kíkà, ọ́fíìsì ìjọ ló ní fọ́ọ̀mù kan tí mo gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kún ní gbogbo Sọ́ńdè. Àyè ọjọ́ wà lórí rẹ̀, àyè orúkọ olùkọ́ wà, àyè owó ọrẹ wà. Èyí tí gbogbo èèyàn ń wò ni àyè iye ọmọ. Tí mo bá kọ 34, pásítọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, ìjọ á pàtẹ́wọ́. Tí mo bá kọ 19, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ ò ní mọ ohun tí irú àyè kékeré bẹ́ẹ̀ lè fi èèyàn ṣe. Lọ́jọ́ kan, mo ka ọmọ díákónì méjì tó jẹ́ pé ẹnu géètì ni wọ́n ti gun bọ́ọ̀sì tí wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ níbi tá a ń gbé ọkọ̀ sí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo kà wọ́n. Ọdọọdún ni mo máa ń rántí rẹ̀ tí ojú á gbà mí tì.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ màmá alákàrà fi dà bí ìgbà tí wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń jalè. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mí, a kì í gbà bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó ti màmá, mo ṣàlàyé pé olùṣọ́-àgùntàn inú Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn, ọ̀kan sọnù, tí kò bá kà wọ́n, báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Mùsùlùmí ni màmá. Ìyá àwọn ọmọ náà, tó ń ta òkìrìkà ní Ìbàdàn, ni Kristẹni, òun ló ní kí wọ́n máa wá sọ́dọ̀ wa, màmá sì ti fẹnu sí i pé òwúrọ̀ Sọ́ńdè jẹ́ ti ìyá wọn, ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ilé kéú. Ní Òṣogbo, nínú agboolé kan náà lẹ ti máa bá àlùfáà àti díákónì, ẹ ó tún bá ẹni tó ń pọn omi Ọ̀ṣun fún àgbo ọmọ, gbogbo wọn á sì jọ jẹ ẹran Iléyá. Nítorí náà, màmá kò bínú sí Bíbélì mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Àgùntàn ni ìyẹn."

Ó parí síbẹ̀. Mo jẹ àkàrà mẹ́rin, mo gbọ̀nà ilé.

Oṣù Keje ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀. Òjò ti ń kù láti àárọ̀. Bí a ṣe parí kíláàsì àwọn ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kì í ṣe òjò tí èèyàn ń dúró wò. Àwọn ọmọ sáré wọ bọ́ọ̀sì bí adìyẹ tó rí àwòdì. Mo wọlé gbẹ̀yìn, omi ń ṣàn láti orí mi, mo fa ilẹ̀kùn (wẹ́dà ti ṣe é nígbà náà), mo na ìka, mo kà wọ́n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà la kó wá. Mo kígbe pé, "Ó pé, bàbá!" Ọkọ̀ ṣí.

A ń já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tá a bá dé ojúlé kan, mo máa ń bo ọmọ náà lórí pẹ̀lú ọ̀rá dúdú, màá sáré mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìgbọ̀nà, mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjà-Ọba. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ màmá alákàrà, Táíwò sọ̀ kalẹ̀, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Mo ń dúró de Ìdòwú.

Ìdòwú kò sọ̀ kalẹ̀.

Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń jẹ bisikíìtì. Ọmọ díákónì ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀, tí ilé wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò ló sá fún, ó rí bọ́ọ̀sì, ó gùn ún, ó sì ń gbádùn ìgboro lọ ní tirẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mi pé pérépéré. Ọmọ ló ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Màmá wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀wà fún àkàrà ọjọ́ kejì. Wọ́n wo Táíwò, wọ́n wo Kẹ́hìndé, wọ́n wo èmi. Wọ́n kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ìdòwú ńkọ́?"

Mi ò rántí ohun tí mo fi dáhùn. Mo rántí pé bàbá dírẹ́bà ti yí orí ọkọ̀ padà kí n tó wọlé, pé wọn ò sọ nǹkan kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dé Ọláìyá, wọn ò sì fọn fèrè fún ẹnikẹ́ni. Wáípà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Níwájú tèmi, omi lásán ni mò ń rí, mo sì ń rí Ìdòwú nínú gbogbo rẹ̀: Ìdòwú nínú gọ́tà, Ìdòwú lábẹ́ kòrope, Ìdòwú lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ létí mi nínú ọkọ̀, mo ti bá wọn wí pé ọmọ Ọlọ́run ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ń sọ pé Olúwa, kó ya alágídí, kó ya olórí kunkun, kó má ti gbọ́ràn sí àjèjì kankan lẹ́nu.

Nígbà tá a dé géètì ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan ń sunkún níbẹ̀ nínú òjò, gèlè rẹ̀ ti wó. Ìyàwó díákónì ni. Ọmọ tirẹ̀ ló ń wá. Ó rí i tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì wa pẹ̀lú ọ̀rá bisikíìtì lọ́wọ́, ó gbá a mọ́ra, ó tún gbá a létí, ó tún gbá a mọ́ra. Èmi ti kọjá lọ. Mo sáré dé inú gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé, kò sí níbẹ̀. Mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo dé ẹ̀yìn ìlù. Nígbà tí mo padà síta tí mo fẹ́ bú sẹ́kún, ọlọ́dẹ ṣẹ́wọ́ sí mi láti inú búkà rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè wọ ibẹ̀. Ìdòwú jókòó sórí táyà, abọ́ gààrí wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, èpà ń léfòó lójú omi. Ó tọ̀ lọ ni, kó tó dé, ọkọ̀ ti lọ. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ pẹ́ o."

Ọlọ́dẹ ní òun ti fẹ́ gbé e lé ọ̀kadà, ọmọ náà ló kọ̀, ó ní bọ́ọ̀sì òun ń padà bọ̀.

Nígbà tá a gbé e dé ilé, màmá fi ìdí ìró wọn nu orí rẹ̀, wọ́n ní kó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀.

"O kà wọ́n lónìí, àbí o ò kà wọ́n?"

"Mo kà wọ́n, mà."

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, mà."

"Ó pé." Wọ́n fọ ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n da èèpo rẹ̀ nù. "Orúkọ la sọ wọ́n. A ò sọ ẹnikẹ́ni ní Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ilé yìí."

Mo retí pé wọ́n á ní àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé mi mọ́. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má jẹ́ kí òtútù mú mi.

Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn, mo sì ka Bíbélì mi kì í ṣe bíi ti ẹni tó fẹ́ wàásù. Mo ka Sámúẹ́lì kejì orí kẹrìnlélógún, níbi tí Dáfídì ti ní kí Jóábù lọ ka àwọn èèyàn, tí Jóábù, jagunjagun tí kò mọ̀ ju idà lọ, bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, tó sì kà wọ́n, tí àjàkálẹ̀ àrùn pa 70,000. Mo ka Ẹ́kísódù ọgbọ̀n, tí Ọlọ́run ní tí Mósè bá fẹ́ ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, kí olúkúlùkù san ààbọ̀ ṣékélì fún ìràpadà ẹ̀mí rẹ̀, kí àrùn má baà jà láàárín wọn. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń ka ìwé yìí fún máàkì. Kò sí ìgbà kankan tó wá sí mi lọ́kàn pé àwọn ará Ísírẹ́lì ìgbàanì àti màmá tó ń dín àkàrà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lè jọ máa bẹ̀rù ohun kan náà. Mo padà sí àgùntàn mi nínú Lúùkù. Bóyá ọkùnrin yẹn kà wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kíkà nìkan ni, tí àgùntàn aládùúgbò bá ṣèèṣì wọ inú agbo rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọgọ́rùn-ún á pé, á tilẹ̀kùn, á lọ sùn.

Mo kọ èrò yìí sínú iṣẹ́ àṣetiléwá, mo fi Jòhánù orí kẹwàá kún un, ibi tí olùṣọ́-àgùntàn ti ń fi orúkọ pe àwọn tirẹ̀. Olùkọ́ wa fún mi ní mọ́kànlá nínú ogún. Ó fi bírò pupa béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé ọ̀mọ̀wé wo ló sọ èyí. Mi ò lè kọ "alákàrà" síbẹ̀.

Mo ra ìwé eléwé ogójì. Mo pín in ní ojúlé-ojúlé, mo kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé o, kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún olùkọ́ ní ilé-ìwé. (Orúkọ àmútọ̀runwá nìkan ni mo lò níbí yìí, ẹ ò lè fi wọ́n mọ ẹnikẹ́ni, Táíwò àti Kẹ́hìndé pọ̀ ní Òṣogbo ju kòrope lọ.) Tí wọ́n bá wọlé, màá pe orúkọ, wọ́n á ní "Mo wà ńbí!" Tí a bá ń padà, màá tún pè é. Ó ń gba àkókò. Àwọn kan ń dáhùn fún ara wọn, àwọn kan ń fi ohùn ewúrẹ́ dáhùn, bàbá dírẹ́bà á máa kùn pé epo ń jó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé yẹn fi hàn mí. Ilé kan wà ní Ìgbọ̀nà tó ń fún wa ní ọmọ kan ní gbogbo Sọ́ńdè. Nínú fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì, ilé náà kò yẹ̀ rí: ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ni mo rí i pé Sọ́ńdè kan, Àìná ni, Sọ́ńdè kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó tún yí padà sí Àìná. Wọ́n jọra, mo ti ń rò pé ọmọ kan náà ni láti oṣù mẹ́rin. Mo lọ síbẹ̀ ní Sátidé, mo jókòó, mo mu omi. Bàtà ni. Sáńdààlì aláwọ̀ dúdú kan ló wà nínú ilé yẹn tó ṣeé wọ̀ jáde, ó tóbi díẹ̀ fún Àìná, ó há díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe àdéhùn láàárín ara wọn, láìsọ fún ìyá wọn, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lónìí á fi sílẹ̀ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lọ á wá kọ́ ẹni tó dúró nílé ní orin. Mo ra bàtà kan ní Ọjà-Ọba. Kò wọ́n. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń kọ "ọ̀kan" síbẹ̀.

Mo tún ní ohun kan láti sọ nípa bisikíìtì, torí mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, a ń pín in. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Èmi ò gbà pé ebi ọmọ jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi í ṣe ìlérí láti ojú fèrèsé ọkọ̀, "ẹ wá gun bọ́ọ̀sì, bisikíìtì wà," fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò mọ̀ wá. Èyí ni mo kọ̀. Ẹnu ọ̀nà òbí la gbọ́dọ̀ gbà wọlé, Mùsùlùmí ni o, Kristẹni ni o. Wọ́n ní mo ń dín iye kù. Mo dín in kù lóòótọ́.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tá a ń rà lábẹ́ ₦200 ní ilé epo ti kọjá ₦500. Ìjọ ṣe ìpàdé. Wọ́n ní kí bọ́ọ̀sì máa jáde lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì, kí a yọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò, torí ó jìn, àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í sì í mú nǹkan gidi wá nínú ọrẹ. Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú, òun ló ń ṣírò owó, ó sì mọ ohun tó kù nínú àpò. Pásítọ̀ ní kí Àǹtí Bọ́ọ̀sì ka iye àwọn tó ń wá láti apá ibẹ̀. Mo dìde. Mo ṣí ìwé eléwé ogójì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe wọ́n lórúkọ. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ní, "Iye ni wọ́n ní kó o sọ." Bàbá dírẹ́bà, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ní, "Ẹ jẹ́ kó pè wọ́n tán."

Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. A jọ fi ẹnu kò sí ìdajì ni: Sọ́ńdè kan bọ́ọ̀sì á lọ, Sọ́ńdè kejì kò ní lọ. Ní Sọ́ńdè tí kò bá lọ, èmi àti àwọn tó ti gbójú díẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ rìn, a ó di ara wa lọ́wọ́ mú ní ẹ̀bá títì, a ó máa kọrin. Àwọn kéékèèké ń wọ kòrope ọ̀rẹ́ bàbá dírẹ́bà kan tó máa ń gbà wọ́n ní ìdajì owó, tí yóò sì máa ráhùn láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan kò wá mọ́. Mo mọ àwọn wo ni.

Oṣù Keje ọdún yẹn ni mo parí ẹ̀kọ́. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan rọ́pò mi, ọmọkùnrin onítáì, bàtà rẹ̀ ń dán. Sọ́ńdè ìkẹyìn mi, mo ní kó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí èmi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ. Mo ti gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ ní òru Sátidé, mo sì ti ṣàlàyé. Ó fi í sábẹ́ Bíbélì rẹ̀. Ó wo inú ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ìka.

"Ọ̀kan, méjì…"

"A KÌ Í KA ỌMỌ!"

Gbogbo ọkọ̀ ló pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin náà fò sẹ́yìn, Bíbélì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín màmá níbi ìdí agbada. Bàbá dírẹ́bà pa ọkọ̀, epo tó gbówó lórí yẹn. Ìdòwú ti dìde níwájú mi, ó ti na ọwọ́ sábẹ́ Bíbélì ọmọkùnrin náà, ó fa ìwé náà yọ, ó ṣí i fún un.

"Bùọ̀dá, ojú ewé kejì ni tiwa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Táíwò."